Ọkàn Méjì Nínú Àkọsílẹ̀ Kan

"Ta ló fún un lábẹ́rẹ́ yẹn? Ẹ sọ fún mi, torí èmi kọ́!"

Ohùn mátírọ̀n wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ló ń bú jáde nínú fóònù. Ọ̀gá Dátà gbé fóònù kúrò létí, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo yàrá lè gbọ́.

"Ẹ fara balẹ̀, mà. Ẹ tún un sọ fún mi."

"Ọmọbìnrin kan ló wà níwájú mi níbí. Ibà ti wọ̀ ọ́ lára gan-an, dókítà sì ti ní kí n fún un lábẹ́rẹ́. Mo ti fa oògùn sókè tán kí n tó wo kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní wọ́n ti fún un láàárọ̀ yìí! Ìyá ọmọ jókòó tì í láti àná, ó ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ọmọ òun. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn wà. Tí wọ́n bá ti fún un lóòótọ́, tí mo bá tún fún un, ó lè ṣe ọmọ náà ní jàǹbá. Tí wọn ò bá sì tíì fún un, ibà yìí ò ní dúró dè wá. Ẹ̀yin lẹ ni kọ̀ǹpútà. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Ọ̀gá Dátà ni wọ́n ń pe obìnrin náà níbi iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ nílé ò tíì mọ ohun tó ń ṣe gan-an. Bí dátà bá ti tán nínú fóònù màmá, òun ni màmá máa ń pè: "Ṣebí ìwọ ni ọ̀gá wọn? Fi díẹ̀ ránṣẹ́." Ó ti ṣàlàyé títí, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó kàn máa ń fi í ránṣẹ́ ni.

Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé ó ń bójú tó àkọsílẹ̀ gbogbo ilé ìwòsàn tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ wọn. Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ, ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀, bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù, èyí tí aago tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́wọ́ ń kà láìdákẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń ṣàn wá. Tẹ́lẹ̀, bí dókítà bá bèèrè ọ̀rọ̀ lónìí, ó lè dùbúlẹ̀ dè é títí oṣù á fi parí. Òun ló jà fitafita tí iléeṣẹ́ fi ra ẹ̀rọ tuntun tí èèyàn lè fẹnu lásán bi ní ìbéèrè, tí yóò sì dáhùn kí onítọ̀hún tó pa ẹnu dé. Apá kan ẹ̀rọ náà wà tó ń kó àkọsílẹ̀ tó fọ́n káàkiri jọ, tó ń so àwọn tó jẹ́ ti ẹnì kan náà pọ̀. Agbálẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe apá yẹn.

Ilé ìwòsàn méjì péré ni wọ́n ti ń dán an wò. Àárọ̀ ọjọ́ yìí gan-an ni àwọn olùdarí jókòó lókè, wọ́n ń dúró dè é kó wá sọ pé kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà níbi gbogbo.

"Mátírọ̀n, ẹ má tíì fún un. Ẹ má pa fóònù o."

"Màá dúró. Ṣùgbọ́n ẹ yára, ìyá rẹ̀ ń wò mí lójú."

Ọ̀gá Dátà yíjú sí ọkùnrin tó jókòó nítòsí fèrèsé. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó dàgbà jù lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí pé bí iná bá ń jó òrùlé, yóò kọ́kọ́ mu tíì rẹ̀ tán ná.

"Jẹ́jẹ́, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà. Mo ti ṣí i." Kò tilẹ̀ wo ife tíì.

Ohun tó ṣí ni ohun èlò kan tí wọ́n rà pẹ̀lú ẹ̀rọ náà. Bí èèyàn bá fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ èyíkéyìí lójú kọ̀ǹpútà, yóò fi ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà wá hàn, láti ibi tó dé padà sí ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́. Àwọn olùdarí ti rí i rí, wọ́n ní ó dára. Kò tíì sí ẹni tó lò ó fún ohun tó le tó báyìí.

Jẹ́jẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ náà: *A ti fún un.*

Ìlà tín-ín-rín kan tàn. Ó rìn padà sẹ́yìn, ó gba ibi tí ẹ̀rọ ti ń dáhùn ìbéèrè kọjá, ó gba inú àká ńlá tí wọ́n ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ sí, ó dé ọ̀dọ̀ Agbálẹ̀. Níbẹ̀, ó pín. Ẹ̀ka kan lọ sí wọ́ọ̀dù mátírọ̀n. Èkejì yà, ó kọjá sí apá kejì ìlú, sí ilé ìwòsàn kejì, ó sì dúró lórí orúkọ nọ́ọ̀sì kan tó fún ọmọ kan lábẹ́rẹ́ láàárọ̀.

"Ibo nìyẹn?" ni Ọ̀gá Dátà wí. "Ọmọ ò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì láti àná."

"Ẹ jẹ́ kí n wo ọkàn rẹ̀, mà."

Lílù ọkàn ọmọ náà jáde, ìlà kan tó ń fò sókè, tó ń já wálẹ̀, bí ìkọ̀wé ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i yóò sọ pé ibà ni. Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ ní kí ẹ̀rọ yà á sọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí aago ọwọ́ tó kà á.

Ìlà kan di méjì.

Fífò sókè àti jíjá wálẹ̀ náà pòórá. Ọ̀kan wà lókè, ó ń sáré. Èkejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àsìkò kan náà ni wọ́n ń lù, àwọn méjèèjì, ní apá ìlú méjì. Orí Ọ̀gá Dátà wú. Láti ìgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, nọ́ńbà ni nọ́ńbà ń jẹ́ lójú rẹ̀. Kò rí i rí kí èèyàn jáde láti inú èèyàn.

"Olúwa mi o," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi ohùn sókè. "Mátírọ̀n! Ẹ bi ìyá ọmọ yẹn, ṣé ìbejì ló bí?"

Wọ́n gbọ́ tí mátírọ̀n bèèrè. Wọ́n gbọ́ ohùn obìnrin kan, kò lè ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, ó sì kún fún ìyàlẹ́nu.

"Ó ní báwo lẹ ṣe mọ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló kù níbí, ni bàbá wọn ṣe gbé èkejì lọ síbòmíì."

"Èkejì ni wọ́n fún lábẹ́rẹ́, mà. Ti ọ̀dọ̀ yín ò tíì gba nǹkan kan."

"Ó tán!" Fóònù dún gbàgà lórí nǹkan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọmọ kan ké, igbe kíkan tí gbogbo ọmọ máa ń ké bí abẹ́rẹ́ bá wọlé. Kò sí orin tó dùn létí Ọ̀gá Dátà tó igbe yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Jẹ́jẹ́ fẹ̀yìn ti àga. "Àwa la kọ́ Agbálẹ̀ bẹ́ẹ̀, mà."

Òótọ́ ni. Orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, ilé kan náà, fóònù ìyá kan náà, obìnrin làwọn méjèèjì. Orúkọ tiwọn nìkan ló yàtọ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ orúkọ ìbejì wọn sílẹ̀; Ọ̀gá Dátà àti Jẹ́jẹ́ fúnra wọn ló sì kọ́ Agbálẹ̀ pé kó má ka ìyàtọ̀ orúkọ sí. Èèyàn kan ló ń ní orúkọ rẹpẹtẹ: ìyá ìyá á mú tirẹ̀ wá, bàbá á mú tirẹ̀ wá, iléèwé á tún yan èyí tó rọrùn fún wọn láti pè. Èyí tó bá wá sí ẹnu ẹni tó gbé ọmọ wá ni wọ́n á kọ. Agbálẹ̀ ti fi ẹ̀kọ́ yẹn so ẹgbẹẹgbẹ̀rún àkọsílẹ̀ pọ̀ dáadáa, wọ́n sì ti pàtẹ́wọ́ fún un.

"Bi ẹ̀rọ náà," ni Ọ̀gá Dátà wí, "ó kù ta ni ọkàn rẹ̀ ń lù níbi méjì?"

Jẹ́jẹ́ bi í. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n ń rọ́ wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń tú àpò.

Àsìkò yẹn ni ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ti ilẹ̀kùn wọlé. "Ọ̀gá Dátà, ẹ̀yin nìkan la ń dúró dè lókè. Ṣé àlàáfíà ni?"

Ọ̀gá Dátà fi ìlà méjèèjì hàn án, ó sì sọ bó ṣe jẹ́. Ọ̀gá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, ó wò ó títí.

"Ìbejì ni gbogbo àwọn tó kù yìí náà?"

"A ò mọ̀, sà. Ẹ̀rọ náà ò mọ̀. A ò lè tan án lónìí."

"Ẹ tún un ṣe, ká tan án lọ́la."

"Kì í ṣe títúnṣe nìkan, sà. Kí Agbálẹ̀ máa sọ pé òun fura, kó má so ẹnikẹ́ni pọ̀ mọ́. Wọ́ọ̀dù tó mọ ọmọ lójú ni kó fọwọ́ sí i. Kí àkọsílẹ̀ wọ́ọ̀dù di ti wọ́ọ̀dù, kó jẹ́ àwọn ló ni ín. Kí tiwa jẹ́ ọ̀nà tó ń gbé e."

Ọ̀gá àgbà nà ró. "Ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ yín kó jọ lẹ fẹ́ pín fún àwọn ẹlòmíì yìí? Wọ́n lè bi yín lókè pé kí ló wá kù tí ẹ ń ṣe."

"Mo mọ̀, sà." Kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

"Ẹ wá fẹnu ara yín sọ ọ́ fún wọn, nígbà náà." Ó jáde, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Ọ̀gá Dátà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ná. Ó ṣí ojú ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ni àkọsílẹ̀ sí, ó pa orúkọ ẹ̀ka tirẹ̀ rẹ́ kúrò nídìí àkọsílẹ̀ àwọn ọmọdé, ó kọ ti wọ́ọ̀dù mátírọ̀n síbẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà Jẹ́jẹ́, ìlà tó ń sáré lẹ́ẹ̀kan ti ń rẹlẹ̀ sún mọ́ èkejì rẹ̀.

"Mà," ni Jẹ́jẹ́ wí, kò gbójú kúrò lára wọn, "èwo wá ni ẹ̀gbọ́n nínú wọn?"

Ọ̀gá Dátà wá a lọ sókè, ó wá a wá sísàlẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ wọn. Kò sí níbì kankan.

Ó fa fóònù sún mọ́ra. "Mátírọ̀n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ẹ bá mi bi ìyá wọn."