Jẹsí Tí A Kì Í Fọ̀

"Wọ́n tún ti jù ú nù! Ẹ gbà mí o, wọ́n tún ti jù ú nù!"

Ohùn Bàbá la pálọ̀ kọjá wọ ilé ìdáná. Zulaykha dá ọwọ́ dúró lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń gé. Kò dìgbà tó bá yọjú sí tẹlifíṣọ̀n kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Láìpẹ́ yìí, bí Bàbá bá ti ké báyìí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Washington ti fìdí rẹmi nìyẹn.

"Zulaykha!"

"Sà!"

"Wá wo ohun tí wọ́n fi ojú mi rí."

Ó nu ọwọ́, ó lọ sí pálọ̀. Bàbá jókòó sórí àga ńlá rẹ̀, ó wọ jẹsí pupa rẹ́súrẹ́sú, ọwọ́ ọ̀tún tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú sinmi lórí ìrọ̀rí. Nínú tẹlifíṣọ̀n, àwọn géńdé tó dé akoto, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, ń rìn kúrò lórí pápá, wọ́n dorí kodò. Pápá náà kò jìnnà sí ilé yìí ní Glenarden. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti Landover, ariwo àwọn òǹwòran máa ń dé etí wọn kí tẹlifíṣọ̀n tó fi ohun tó fà á hàn. Lónìí, atẹ́gùn kò gbé nǹkan kan wá.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

"Má kí mi ní pẹ̀lẹ́. Ṣé ìwọ lo ju bọ́ọ̀lù nù ni?" Bàbá mi orí. "Mo mọ ẹni tó fà á. Ọmọ mi Ọlámi ni. Láti ọjọ́ tó ti fẹsẹ̀ tẹ ilé yìí ni a ò ti borí mọ́."

Zulaykha wo ilẹ̀.

Olúsọjí ni orúkọ Bàbá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tó wá kàwé ní Amẹ́ríkà láti Abẹ́òkúta. Ó wa takisí, ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Suitland títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé òun kò tíì mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ata rodo ní ìlú yìí kí òun tó mọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Washington. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹgbẹ́ náà sì fi jẹ ìyà mọ́ ọn lójú. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, bí sáà bọ́ọ̀lù ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n borí. Ọjọ́ náà, ata ara adìyẹ yíyan kán sí Bàbá láyà. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún wọ jẹsí náà pẹ̀lú àbàwọ́n rẹ̀, wọ́n tún borí. Bí Bàbá ṣe pinnu nìyẹn pé omi kò ní kan aṣọ náà títí sáà fi máa parí.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún Zulaykha, tó ń wá tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Fi jẹsí yẹn sílẹ̀, má yọ ara rẹ lẹ́nu."

Níbi tí wọ́n ti tọ́ Zulaykha dàgbà ní Ìṣẹ́yìn, àgbàlagbà kì í sọ pé wá bá mi fọṣọ. Á ní kí o má yọ ara rẹ lẹ́nu. Ọmọ tó bá ní ẹ̀kọ́ á wá dìde, á gbé aṣọ náà, á sì fọ̀ ọ́. Ìyẹn nìkan kọ́. Wọ́n ti sọ fún un pé olùtọ́jú tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, aṣọ ẹlẹ́gbin tí Bàbá wọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ló lé e lọ. Ọlámipọ̀sí, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá bí, sì ń bọ̀ wá kí bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Suitland nítòsí ibẹ̀ ni Ọlámi ń gbé, ó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan ilé náà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Wọ́n gbé òkú ìyá náà lọ sílé ní Abẹ́òkúta, iṣẹ́ kò sì jẹ́ kí Ọlámi lè bá wọn lọ. Bàbá ní iṣẹ́ kọ́, pé kò fẹ́ lọ ni.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Sátidé, Zulaykha ti jẹsí bọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó ń wo bí aṣọ náà ṣe ń yí, tó ń gbé apá sókè bí ẹni tó ń jó. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò ó bí Ọlámi ṣe máa wọlé, tó máa rí bàbá rẹ̀ ní mímọ́, tí òun àti bàbá rẹ̀ á sì jọ jẹun.

Ọlámi wọlé lóòótọ́, wọ́n sì jọ jẹun. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Zulaykha gbọ́ ẹ̀rín Bàbá nìyẹn. Ṣùgbọ́n Washington fìdí rẹmi. Ojú Bàbá kò ríran dáadáa mọ́, kò mọ̀ pé àbàwọ́n ti lọ, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ pa aṣọ náà wò.

"Ó rọ̀," ó wí. "Ṣé ẹnì kan fọ̀ ọ́ ni?"

Ìgbà náà ló yẹ kó ṣàlàyé. Ìgbà náà ni Zulaykha rántí olùtọ́jú tó ti lọ.

"Rárá, sà. Eruku ara rẹ̀ ni mo kàn gbọn."

Bàbá gbà á gbọ́. Wọ́n tún gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n tún nà wọ́n. Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa dá lẹ́bi, kò sì sí ẹlòmíràn tó wọ inú ilé náà ju Ọlámi lọ.

Lónìí, bí wọ́n ṣe ń pa tẹlifíṣọ̀n ni fóònù dún. Zulaykha ló máa ń bá Bàbá gbé e dání.

"Dádì," ohùn Ọlámi wí, "mo rí àbájáde rẹ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ní ọ́ọ̀fù lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Ṣé kí n wá? A máa jọ wo ti ìkẹyìn."

"Rárá. Jókòó sílé rẹ."

"Dádì, bọ́ọ̀lù lásán!"

"Lásán? Bí a bá borí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a ṣì máa tẹ̀ síwájú. Orí rẹ ò bá wa ṣe. Bí sáà bá parí, o lè wá."

Ọlámi pa fóònù.

Nílé rẹ̀ ní Landover, lẹ́yìn tí wọ́n kírun mọ̀gàríbà tán, Zulaykha sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, Abdulwahab, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù-sí kan ládùúgbò. Abdulwahab rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

"Ìwọ lo fọ Washington nù! Kí àwọn ará Landover má gbọ́ o. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n máa dá wa padà sí."

"Má fi mí ṣẹ̀sín jàre."

"Ṣé aṣọ ló ń gbá bọ́ọ̀lù ni? Ìwọ tó o mọ Ọlọ́run. Ẹni bá gba irú ìyẹn gbọ́, ẹbọ ló ń ṣe."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe aṣọ. Ṣùgbọ́n bàbá náà bi mí, mo purọ́ fún un. Irọ́ yẹn ló wá ń lé ọmọ rẹ̀ kúrò nílé."

Abdulwahab dá ẹ̀rín dúró. "Bó o bá sọ ọ́, wọ́n lè dá ọ dúró níbi iṣẹ́."

"Mo mọ̀."

"Ó ku bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Dákẹ́, sáà á parí, gbogbo rẹ̀ á tán."

Ó gbìyànjú láti dákẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti forí kanlẹ̀ lórí ìrun, jẹsí náà ló máa ń rí, tó ń yí nínú omi, tó ń gbé apá sókè. Kò jọ ẹni tó ń jó mọ́. Ó jọ ẹni tó ń pe èèyàn.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, nílé Bàbá, ó jáde lọ da ilẹ̀ nù. Ó rí ọkọ̀ kan tó dúró sí òdìkejì títì. Ọlámi ló wà nínú rẹ̀, ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, kúlà kékeré kan wà lórí itan rẹ̀.

"Àǹtí Ọlámi! Ẹ wọlé. Òtútù yìí pọ̀."

"Mi ò lè wọlé." Yorùbá rẹ̀ ń wọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rìn nínú òkùnkùn. "Mọ́ínmọ́ín ni. Mọ́mì máa ń ṣe é fún un ní àkókò bọ́ọ̀lù. Bá mi gbé e fún un. Má sọ pé èmi ni."

"Kí ló dé, Àǹtí?"

"Bí mo bá wọlé, tí wọ́n bá tún nà wọ́n ńkọ́?" Ọlámi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ṣùgbọ́n mo ti ń rò ó. Bóyá lóòótọ́ ni. Bóyá mo kàn máa ń ba nǹkan jẹ́."

Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Zulaykha dúró létí títì, ó di kúlà náà mú mọ́ àyà, ooru rẹ̀ sì ń wọ̀ ọ́ lára bí ooru ọmọ tó sùn.

Ó bu mọ́ínmọ́ín náà sínú àwo fún Bàbá. Bàbá fi ọwọ́ òsì gé díẹ̀ sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó dúró.

"Ìwọ lo sè é?"

Irọ́ kejì ti wà ní ètè Zulaykha. Ó rọrùn. Ọlámi fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó pa á.

"Rárá, sà. Àǹtí Ọlámi ló sè é. Inú ọkọ̀ ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ní àwọn ò lè wọlé."

"Kí ló dé tí kò lè wọlé?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má wọlé, sà."

Bàbá gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Zulaykha kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe wọn. Èmi ni mo fọ jẹsí yín."

Bàbá yí ojú padà sí i.

"O fọ̀ ọ́?"

"Mo fọ̀ ọ́, sà. Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n wá."

"Pẹ̀lú ọṣẹ?"

"Pẹ̀lú ọṣẹ, sà."

"Omi gbígbóná?"

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, sà."

"Ó ṣe jẹ́? Mo sọ fún ọ pé kí o má yọ ara rẹ lẹ́nu."

"Nílé wa, sà, bí àgbàlagbà bá sọ bẹ́ẹ̀…"

Bàbá wò ó pẹ́, ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa ń wá ojú Zulaykha kiri.

"Ìyá mi náà máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ó wí níkẹyìn. "Mo ti gbàgbé." Ó ti àwo síwájú. "Ṣùgbọ́n mo bi ọ́. Mo bi ọ́ lójúkojú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo purọ́. Ẹ̀rù iṣẹ́ mi ló bà mí."

"Mo ti sọ fún ọmọ mi pé orí rẹ̀ ò dáa. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí." Ó na ọwọ́ òsì jáde. "Gbé fóònù wá."

Zulaykha gbé e wá, ó fẹ́ bá a tẹ̀ ẹ́. Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Lọ sẹ́yìn. Èmi fúnra mi ni mo máa pè é."

Ó dúró ní ilé ìdáná, ó ń gbọ́ bí Bàbá ṣe ń fi ìka òsì wá nọ́ńbà, tó ń ṣì í, tó tún ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó lọ sílẹ̀ gan-an, Zulaykha kò sì fetí sí ohun tó ń sọ. Nígbà tó yá, Bàbá pè é.

"Má wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

"Bàbá, ṣé ẹ ti lé mi ni?"

"Mo ní má wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Kò sí ohun mìíràn tí mo sọ."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà, Zulaykha dúró lẹ́bàá fèrèsé rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti ọ̀nà pápá, ó gbé ariwo ńlá kan wá. Kò mọ̀ bóyá ariwo ayọ̀ ni tàbí ti ìbànújẹ́. Láti òkèèrè, bákan náà ni méjèèjì ń dún.

"Ṣé kí n wò ó lórí fóònù?" Abdulwahab bi í.

"Má wò ó."

Kò sí ẹni tó pè é láti ibi iṣẹ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó lọ. Ó bá Bàbá lórí àga rẹ̀, súwẹ́tà ló wọ̀. Jẹsí náà wà lórí apá àga.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Wọ́n nà wá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

"Má kí mi ní pẹ̀lẹ́. Wọn ò mọ̀ ọ́n gbá, ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Kò sí orí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí jẹsí náà. "Sáà ti parí. Gbé e lọ fọ̀. Mo rán ọ ni o. Mi ò ní kí o má yọ ara rẹ lẹ́nu."

Zulaykha rẹ́rìn-ín díẹ̀, omi sì lé sí i lójú. Ó gbé jẹsí náà dé iwájú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ náà. Níbẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti kan nǹkan kan lára aṣọ náà. Ó ká a mọ́wọ́, ó padà sí pálọ̀.

"Bàbá, nǹkan wà lára rẹ̀, sà."

"Ata ni. Ọlámi ló ń bọ́ mi, kò wo ọwọ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù ló ń wò."

"Kì í ṣe ata, sà. Àtíkè ni. Ó wà ní èjìká, apá ọ̀tún. Ó jọ pé wọ́n gbé orí lé yín léjìká, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀."

Bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè, ó nà án kọjá àyà rẹ̀, ó fi kan èjìká ọ̀tún tí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ láti ìgbà tí àrùn ti kọlù ú.

"Mi ò mọ̀ ọ́n lára," ó wí.

"Ṣé kí n fọ̀ ọ́, sà?" Zulaykha bi í.

"Fi sílẹ̀. Ọlámi ń bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

"Ṣebí ẹ ní sáà ti parí, sà?"

"Mo mọ̀ pé ó ti parí. Mo ní fi sílẹ̀."

Zulaykha fi jẹsí náà kọ́ ẹ̀yìn àga. Kò tilẹ̀ gbọn eruku ara rẹ̀.