Àgbá Tí Hartley Fi Sílẹ̀

Kò sí ẹni tí mo bẹ̀rù láyé mi tó Hartley Sugden, kò sì sí ẹni tí mo fẹ́ràn tó o. Ọjọ́ tí a sin ín gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù.

Hartley àti Nellie ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣàkóso ilé ọtí Apá Àgùntàn ní Thornroyd, abúlé wa ní Yorkshire. Ilé ọtí mìíràn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n máìlì mẹ́rin ni, lórí òkè tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè bọ́ irun lára àgùntàn. Hartley ga, ó tín-ín-rín, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn bí ọkọ̀ ojú omi méjì. Kì í rẹ́rìn-ín. Bí o bá mú ajá wọlé, ajá ni yóò kọ́kọ́ kí, ajá ni yóò kọ́kọ́ bu omi fún, kó tó wá wò ọ́ bíi pé ajá ló fà ọ́ wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó mi kú, odindi ọdún méjì, kò sí ọjọ́ Ajé kan tí Nellie kò gbé oúnjẹ gbígbóná síwájú mi, tí Hartley kò sì gbé bíà tì í láìsọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àga ẹ̀gbẹ́ iná di tèmi. Ibẹ̀ nìkan ló kù láyé tí ẹnikẹ́ni ti ń béèrè mi bí n kò bá tètè dé.

Òfin Hartley kò ju ẹyọ kan lọ: má kọlu àgbá. Bíà tiwa ṣì láàyè, ìwúkàrà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú àgbá nígbà tí wọ́n bá gbé e dé. Ó gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ silẹ̀, kó tó tòrò. Bí o bá fi orúnkún kàn án pẹ́rẹ́, ó parí, gbogbo rẹ̀ á dàrú bí omi ìfọṣọ. Lọ́dún 1951, Amos Greenwood sọ̀ kalẹ̀ lọ wá ajá rẹ̀, ó fi ìdí gbá àgbá. Hartley lé e títí ayé. Ẹ rò pé àsọdùn ni? Ọdún mẹ́tàlá ni Amos fi ń dúró nínú òjò lẹ́bàá fèrèsé ìdáná, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi oúnjẹ dù. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé pósí rẹ̀ kọjá, Hartley bọ́ fìlà, ó tẹrí ba, ó sì ti ilẹ̀kùn gbà!

Nígbà tí àìsàn wá dá Hartley fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní 1968, ó ní kí wọ́n gbé òun sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ó to àgbá kan sórí igi tí àgbá máa ń jókòó lé, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí i lára: TI ÌSÌNKÚ MI NI. Ọjọ́ kẹrin, ó kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, a ń múra àtilọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Nellie yọjú sí mi pẹ̀lú aṣọ dúdú.

“Wilf, ọmọ mi, bá mi gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹn gòkè wá. Rọra o. O mọ ẹni tó wà nísàlẹ̀.”

“Ta ló wà nísàlẹ̀, Mama?”

“Àgbá ni!”

Bàtà tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ mi, ó ń yọ̀. Mo rọra tẹ àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé odindi itan ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Mo yí padà, n kò kọlu ohunkóhun. Ó yẹ kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé Hartley lára àgbá náà, omi lé sí mi lójú, mo ní kí n yẹ́ ẹ sí. Mo tẹrí ba.

Ẹran bọ́ lọ́wọ́ mi. Gbì! Orí àgbá ló já lé.

Mo gbọ́ ọ nínú àgbá: gbùlù, gbùlù, gbùlù.

“Wilf! Kí ló já níbẹ̀ yẹn?”

“Ẹran ni, Mama!”

“Ṣé kò fara pa?”

“Kò fara pa, Mama!”

Èmi ni mo fara pa. Ọjọ́ méjì ni bíà náà nílò, wákàtí kan péré la ní. Ìrètí mi kò ju ẹnì kan lọ: Pásítọ̀ Pickles. Ọkùnrin yìí lè wàásù láti ìgbà tí ẹyin bá jáde nínú adìyẹ títí di ìgbà tí yóò fi di adìyẹ. Mo jókòó níwájú, mo ń gbàdúrà pé kí ó tẹ̀ síwájú bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Pásítọ̀ dìde, ó la ẹnu, ohùn rẹ̀ ò jáde. Òtútù ti mú un lọ́fun! Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ti parí.

“Ẹ jọ̀ọ́!” Mo ti dìde kí n tó mọ̀. “Orin kan sí i! Gbogbo ẹsẹ mẹ́jọ!”

Baba Jack Ramsden, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, fa ẹ̀wù mi. “Jókòó, ìwọ yìí. Òtútù ń pa wá.”

“Hartley fẹ́ràn orin yìí!”

“Hartley wo? Ọdún tó gbéyàwó ló wọ ṣọ́ọ̀ṣì gbẹ̀yìn!”

A kọ ọ́. Mo tún béèrè òmíràn, a tún kọ ọ́. Ní ibojì, ẹyọ ẹyọ ni mo ń ju iyẹ̀pẹ̀. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nítorí mi. Nellie di ọwọ́ mi mú ṣinṣin. “O mà fẹ́ràn rẹ̀ o, Wilf.” Ká ní àyè ṣì wà nínú ibojì yẹn, ǹ bá bá Hartley wọ ọ́.

A padà sí Apá Àgùntàn. Nellie dúró síbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń dúró, ó fa bíà àkọ́kọ́ láti inú àgbá ìsìnkú náà sínú gíláàsì, ó gbé e sókè sí fèrèsé. Bí Hartley ṣe máa ń ṣe nìyẹn: bí kò bá rí ilé ìṣọ́ gogoro ti ṣọ́ọ̀ṣì kọjá nínú bíà, ẹnikẹ́ni kò ní mu ún. Lọ́jọ́ yẹn, ká má tilẹ̀ sọ ilé ìṣọ́, a kò rí fèrèsé pàápàá.

Nellie gbé gíláàsì náà kalẹ̀.

“Ta ló dé ibi àgbá?”

Ojú Nellie rìn kiri, ó fò mí dá bí ẹni tó gbà pé ilẹ̀ ni ẹran mi já sí, ó bà lé Jack.

“Jack Ramsden. Ìwọ lo kó èédú sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀.”

“Nellie, mo fi Ọlọ́run búra…”

“Mú fìlà rẹ.”

Jack nawọ́ sí fìlà. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì kò lè gun òkè máìlì mẹ́rin dé ilé ọtí kejì, gbogbo wa la mọ̀. Mo wo àga mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Mo tún wo Jack.

“Èmi ni.” Ohùn mi tín-ín-rín bí ti eku. “Mama, èmi ni. Mo tẹrí ba fún un.”

“Fún ta?”

“Fún àgbá.”

Ẹnu Nellie bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ní ó parí, ẹkún ni. Ẹ̀rín ni! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

“Ẹ mọ iye ìgbà tí Hartley fúnra rẹ̀ kọlu àgbá? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn? Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni! Á sáré gòkè wá, á ní àrá ló sán!”

“Amos ńkọ́?” Jack ló béèrè, fìlà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Hartley ti gbá àgbá yẹn kí Amos tó dé ibẹ̀. Ojú tì í, kò lè sọ ọ́. Kí lẹ rò pé Amos ń dúró dè lẹ́bàá fèrèsé ìdáná fún ọdún mẹ́tàlá? Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ni Hartley ń na bíà sí i níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ò sọ̀rọ̀.”

Ó gbé gíláàsì bíà dídàrú yẹn sẹ́nu, ó mu ún dé ìdí, ó nu ẹnu. “Hartley gan-an nìyí. Ẹ wá mu ún.” Ni ilé bá hó. Èmi náà fò dìde, mo na ọwọ́.

“Ìwọ, mú fìlà rẹ.”

“Mama?”

“Ìwọ lo kọlu àgbá. Òfin Hartley ni. Bọ́ síta.”

“Títí ayé?”

“Síta, mo ní!”

Ilẹ̀kùn tì lẹ́yìn mi. Òjò ń rọ̀. Mo wo òkè yẹn, mo ń ka máìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọkàn mi sì ti dé ilé mi tó ṣófo. Mo yí igun ilé kí afẹ́fẹ́ má baà gbé mi, ni fèrèsé ìdáná bá ṣí. Ọwọ́ Nellie yọ: búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀, gíláàsì kan tẹ̀ lé e.

“Ọjọ́ Ajé ni kí o wọlé, ní àkókò oúnjẹ. Dúró jẹ́ẹ́ síbẹ̀, má kọlu fèrèsé mi.”

Mo wo ilẹ̀. Òkúta abẹ́ fèrèsé náà ti jẹ wọnú ní ibi méjì, ìwọ̀n bàtà Amos. Mo ki ẹsẹ̀ mi bọ̀ ọ́. Ó gbà mí. Mo sì mu bíà Hartley nínú òjò, pẹ̀lú gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀.