Bátìrì Kékeré Inú Kọ̀ǹpútà

Ìyá náà gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ sórí tábìlì, ṣùgbọ́n kò mú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ni ín, ọmọ náà sì ti kú. Gbogbo orin tí ọmọ náà fẹnu ara rẹ̀ kọ, inú ẹ̀rọ yìí ló gbà á sí. Kò sí níbòmíràn.

"Dókítà," ó wí, torí orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nìyẹn, "tó bá ń tàn, á ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí. Mo mọ nọ́ńbà ọ̀hún, ọdún tí wọ́n bí mi ni. Àmọ́ kíbọ́ọ̀dù ò dáhùn. Ohùn ọmọ mi nìkan ni mo fẹ́ gbọ́."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Èyí ò ju ẹ̀fọ́rí lọ."

Ẹnu Dókítà kì í sinmi, ọwọ́ rẹ̀ náà kì í dúró. Ó tan ẹ̀rọ. Iná kíbọ́ọ̀dù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ó yọ okùn rẹ̀ níwájú, ó fi bọ ihò ẹ̀yìn. Òfo. Ó gbé kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ tí ara rẹ̀ le wá, ìyẹn náà yadi. A jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀bi kíbọ́ọ̀dù, ètò inú ẹ̀rọ gan-an ni kò jẹ́ kó tètè jí i.

Àwọn oníṣẹ́ yìí ní oògùn kan tí wọ́n fẹ́ràn: kí wọ́n yọ bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ, kó lè gbàgbé gbogbo ètò tí wọ́n ti ṣe fún un. Oògùn náà dára, àmọ́ ó yẹ kí ìbéèrè kan ṣáájú rẹ̀: ṣé ẹni tó ni ẹ̀rọ fi nọ́ńbà ti ẹrù inú rẹ̀ pa? Ẹ̀rọ tí wọ́n bá tì pa, tó bá gbàgbé ètò rẹ̀, kì í gba nọ́ńbà àṣírí kékeré mọ́. Nọ́ńbà gígùn kan tó wà lọ́wọ́ ẹni tó tì í nìkan ló máa ń béèrè. Dókítà mọ èyí bí ẹní mowó. Wọ́n ní ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ẹni tí òùngbẹ ìyìn ń gbẹ?

Ó yọ bátìrì, ó dá a padà, ó tan iná. Kíbọ́ọ̀dù tàn yòò, kò sì kú mọ́.

"Ó ti jí!" Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọwọ́ ẹ ò ní ṣìṣe láé, ọmọ mi. O ò ní fojú sunkún ọmọ."

Dókítà ò lè ṣe àmín. Ó ti ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ: nọ́ńbà gígùn ló ń béèrè.

Ìyá náà ti jókòó, ó ń fi ìka kan tẹ ọdún ìbí rẹ̀. Nọ́ńbà ń jáde ketekete. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Màmá, ẹ dúró ná." Ojú ń tì í, àánú ìyá náà sì ń ṣe é. "Nọ́ńbà míì ló ń béèrè, ọmọ yín nìkan ló ní in. Ká ní mi ò yọ bátìrì yẹn ni, tiyín ì bá tó. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Ìyá náà ò wò ó. "Ṣé kíbọ́ọ̀dù ti ń dáhùn?"

"Ó ń dáhùn, Màmá."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n tún tẹ̀ ẹ́ sí i."