Àpótí Mẹ́rìnlá Lójú Ọ̀nà Kan

Ìyá Oníwáyà ni gbogbo ilé ìwòsàn náà ń pè é, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ Wáífáì tí kò ní wáyà ló wà níkàáwọ́ rẹ̀. Orúkọ yẹn kì í dùn ún. Ohun tó dùn ún láàárọ̀ ọjọ́ náà ni lẹ́tà tí ọ̀gá àgbà fi lé e lọ́wọ́: bí fọ́tò eegun tí wọ́n ń fi Wáífáì ránṣẹ́ bá ṣì ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì títí di ọ̀sán òní, kó kó ẹrù rẹ̀ máa lọ. Ọ̀lẹ ni wọ́n pè é nínú lẹ́tà ọ̀hún. Ọ̀lẹ! Ẹni tó ti ń gun àkàbà kiri ibẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá!

Ta ló da nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà rú? Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tí fọ́tò kọ́kọ́ ń falẹ̀, obìnrin yìí ní kí wọ́n jẹ́ kóun pín ojú ọ̀nà tí ohùn ń gbà nínú afẹ́fẹ́ fún àpótí Wáífáì mẹ́fà tó wà nílẹ̀. Ọ̀gá ní rárá, àpótí ni kò tó. Ló bá ń rà á kún un, ó ń kàn án mọ́ àjà, títí gbogbo rẹ̀ fi di mẹ́rìnlá. Ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn wà, wọ́n sì gbé agbára wọn dé góńgó. Bẹ́ẹ̀ àpótí kan kì í sọ̀rọ̀ tó bá gbọ́ ohùn èkejì lójú ọ̀nà rẹ̀. Ńṣe ló máa dúró kí ìyẹn parí. Mẹ́rìnlá ń dúró de ara wọn, aláìsàn ń kérora, ọ̀gá ń ra àpótí. Inú ta ni kò ní bí?

"Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní òkè lẹ rí, ẹ ò rí ìsàlẹ̀," ni obìnrin tó ń ya fọ́tò eegun wí nígbà tó ka lẹ́tà náà tán. "Àǹtí mi, kí lẹ wá fẹ́ ṣe báyìí?"

"Ohun tí wọn ò jẹ́ kí n ṣe látọjọ́ yìí ni."

Ó gbé àkàbà rẹ̀. Ó tú àpótí mẹ́jọ kúrò nínú àjà, orí èyí tó tóbi jù ló ti bẹ̀rẹ̀, oníwo mẹ́jọ, tí eríà rẹ̀ yọ síta bí ìwo, tí ọ̀gá fi ń yangàn kiri. Ó pín mẹ́fà tó kù sí ojú ọ̀nà mẹ́ta, kí àwọn tó sún mọ́ra má baà máa dí ara wọn lọ́wọ́, ó sì rẹ agbára wọn sílẹ̀.

Ní ọ̀sán, ọ̀gá dé sí yàrá fọ́tò pẹ̀lú àwọn alábòójútó méjì, ó fẹ́ kí wọ́n fojú rí ọ̀lẹ. Wọ́n fi fọ́tò apá ọmọ kan tó dá ránṣẹ́. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, fóònù orí tábìlì ti dún.

"Ó ti dé o!" ni dókítà wí látòkè. "Kí lẹ ṣe sí i?"

Ọ̀gá pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i? Àpótí oníwo mẹ́jọ tí mo rà yẹn, baba ni!"

Ìyá Oníwáyà ṣí àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó gbé àpótí oníwo mẹ́jọ jáde tòun ti okùn rẹ̀, ó gbé e síwájú ọ̀gá, ó sì fi lẹ́tà náà lé e lórí.

"Àpótí yín rèé, sà. Inú àpò mi ló wà látàárọ̀."

Ọ̀gá wo àpótí, ó wo lẹ́tà, kò mọ èyí tóun ì bá kọ́kọ́ mú.