Àwòrán Ọpọlọ Lára Ògiri Tíṣà

Tí ẹ bá wọ kíláàsì Tíṣà, ọkùnrin tó ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò àtiwọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwòrán ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ọpọlọ lẹ máa kọ́kọ́ rí lára ògiri. Òun ló gba máàkì tó ga jù lọ́dún tó kọjá. Ó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tó fẹ́ wá ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì lóore.

Ohun tí àwòrán ò sọ ni pé Ọpọlọ ti fìdí rẹmi nínú ìṣirò àti kẹ́mísírì lópin ọdún àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan, tó jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n má gbà á wọlé, yege nínú gbogbo tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, Ọpọlọ kọjú sí dígí.

"Ẹ kúuṣẹ́, mà. Láti òní lọ, ẹ yí ohùn orúkọ yẹn padà. Ọ̀pọ̀lọ́ ni mí. Mo kàn mọ̀ ọ́n fò wọlé ni."

Kò pẹ́ tí Tíṣà fi ránṣẹ́ pè é, kó wá bá àwọn ọmọ tuntun sọ̀rọ̀ ìwúrí. Ó fẹ́ sọ pé ara òun ò yá, ìgbéraga ò jẹ́. Ó lọ dúró lábẹ́ àwòrán ara rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lọ ràì, títí ọmọbìnrin kan fi nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, báwo ni èsì yín ní kọ́lẹ́ẹ̀jì?"

Irọ́ ti dé ẹnu rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Mo fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì méjì. Níbí, wọ́n á to ìdáhùn mẹ́rin síwájú mi, màá mú ọ̀kan. Lọ́hùn-ún, ìwé òfìfo ni wọ́n gbé fún mi. Mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn, mi ò rí ibi tí wọ́n kọ ìdáhùn sí."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn ọmọ jáde, ó ní fún Ọpọlọ pé, "Ọ̀pọ̀ àwọn tó gba máàkì gíga lọ́dọ̀ mi ló ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ìwọ lo bá mi da ìṣirò rú."

"Ẹ má bínú, sà. Ìṣirò gan-an ni mi ò mọ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tíṣà láìfẹ́.

Nígbà tí Ọpọlọ padà dé yàrá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kàwé lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọpọlọ jókòó tì í.

"Báwo lo ṣe ń ṣe é?"

"Tí nǹkan ò bá yé mi, mo máa ń lọ bá olùkọ́. Ó ti mọ ìró bàtà mi. Ìwọ ńkọ́?"

"Ojú máa ń tì mí. Kí wọ́n wá rí Ọpọlọ níbi tó ti ń béèrè?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sún fún un, ó gbé ìwé sáàárín àwọn méjèèjì. Ọpọlọ kà á díẹ̀, ó dúró.

"Èyí ò yé mi," ó ní. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀ bí èdè àjèjì.

"Kò kọ́kọ́ yé èmi náà," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí, ó sì na ọwọ́ mú bírò.