Ìhà Òkun

Báírò náà kọ̀ jálẹ̀, kò kọ. Nora Hepple mí èémí gbígbóná sí i lórí, ó tún un tẹ̀ mọ́ pépà, ó wá rọra kọ ìdáhùn sábẹ́ ìbéèrè kẹtàlá inú fọ́ọ̀mù alágbàtà ilé. Ìbéèrè náà ni: ta ni ó tún ń gbé inú ilé yìí pẹ̀lú yín? Kò sí ẹnì kankan, ni ó kọ.

Òótọ́ ni. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ọkọ kan ṣoṣo tó fẹ́ kò jẹ ju Kérésì mẹ́ta lọ lọ́dọ̀ rẹ̀ tó fi gba ọ̀nà Kánádà lọ.

Bó bá di ọ̀sán gangan, Kirsty alágbàtà yóò tẹ̀ ẹ́ láago. Bí Nora bá ti lè sọ pé ó tán, ojúlé kẹtàdínlógún ní òpópónà Ìlà Kẹta di ti tọkọtaya olùkọ́ kan láti ìlú ńlá, òun náà á sì kó lọ sí yàrá kékeré kan tó ti sanwó àsansílẹ̀ lé lórí létí òkun. Òun nìkan kọ́ ló ń tà. Ojúlé mẹ́rin ni pátákó ilé títà wà lẹ́nu ọ̀nà wọn ní Ìlà Kẹta yẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ihò èédú pa, tí wọ́n gbin koríko sórí òkìtì dúdú tó wà lẹ́yìn ìlú Cawburn, ni àwọn ará ìlú ńlá ti ń wá ralé níbẹ̀. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. Afẹ́fẹ́! Àwọn àgbà awakùsà tó gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni Nora ń bá lọ sétí òkun. Bàbá rẹ̀ ni.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí iná sọ lábẹ́ ilẹ̀, ní apá ibi iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ìhà Òkun, tí gbogbo ìlú gbà pé ó wọ abẹ́ òkun lọ. Èéfín ti pa ọkùnrin mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀, Wilf Hepple sì wà lára wọn. Iná náà kò ṣeé pa. Bíríkì ni wọ́n fi dí ẹnu ọ̀nà náà pa, òkú kò sì jáde mọ́. Láti ìgbà náà, lógúnjọ́ oṣù kẹta ọdọọdún, àwọn opó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wọ bọ́ọ̀sì lọ sétí òkun, wọ́n á ju òdòdó sómi. Nígbà tí àwọn opó tán, Nora ń dá lọ. Ọdún kan kò yẹ̀ ẹ́.

Agogo mẹ́wàá kọjá díẹ̀ nígbà tí Norman Stobbs kan ilẹ̀kùn. Òun ló ń wọnlẹ̀ ní ihò èédú kí wọ́n tó tì í. Nora ló ránṣẹ́ pè é, torí agbẹjọ́rò àwọn olùkọ́ yẹn fi ìwé kan ránṣẹ́ nípa ohun tó wà lábẹ́ ilé, Nora kà á títí, kò yé e.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Tíì ti wà nílẹ̀."

Stobbs yọjú wo inú ife. "Ṣé tíì nìyí, àbí omi tí o fi ṣan ife?"

"Ẹ mu ún bẹ́ẹ̀. Ẹni ọgọ́rin ọdún tó ṣì ń bá tíì jà!"

"Ọgọ́rin ọdún ó lé kan. Má bù mí kù."

Ó tú àwòrán ilẹ̀ tó ká sábẹ́ abíyá sórí tábìlì ilé ìdáná, ó fi agolo ṣúgà tẹ igun kan, ó fi bọ́tà tẹ èkejì. "Ìlà pupa ni ìlú wa lókè. Ìlà dúdú ni ti ìsàlẹ̀."

Nora tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀, ó wò ó. Ìlú kan wà lábẹ́ ìlú. Òpópónà ń bá òpópónà pàdé, ó ní oríta, ó ní orúkọ. Lábẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tó lọ ní kékeré gan-an ni ibùjẹ ẹṣin tó ń fa èédú wà. Nígbà tí àwọn ń ké "ẹ̀ẹ̀mejì méjì, mẹ́rin" lókè, ẹṣin ń jẹ koríko nínú òkùnkùn lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

"Ìhà Òkun dà?" ó béèrè. "Ẹ jẹ́ n wo ibi tó wọ òkun dé."

Stobbs gbójú sókè. "Ìyá rẹ ò sọ fún ọ?"

"Sọ kí ni?"

Ìka Stobbs gbéra láti ẹnu ihò, ó kọjú sí òkun, kò sì tíì rìn jìnnà tó fi dúró. "Àpáta dí àwọn tó ń gbẹ́ ọ̀nà náà níbí. Wọ́n ṣẹ́rí padà. Ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ ọ̀nà náà lára, kò sẹ́ni tó yí i. Ìdajì wákàtí ni wọ́n ń rìn nínú òkùnkùn. Ta ló máa mọ̀ pé ọ̀nà ilé lòun ń tọ̀?" Ìka náà ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dúró síbi ògiri tí wọ́n yà kín-ún. Àmì àgbélébùú mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀. Lókè wọn, ní pupa: Ìlà Kẹta.

"Ilé mi nìyẹn."

"Ilé ìdáná rẹ. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà sísàlẹ̀ ibi tí o fẹsẹ̀ tẹ̀ yìí."

Nora kò mọ ìgbà tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, bí ẹni tó ṣèèṣì tẹ ẹni tó ń sùn.

"Ọdún tí wọ́n ti ihò pa ni mo sọ fún ìyá rẹ," Stobbs ní. "Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ọ. Ó ní, 'Òkun lọmọ yẹn mọ̀ ní bàbá. Má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.'"

Lẹ́yìn ọdún náà, ìjọba ìbílẹ̀ fún ìyá náà ní ilé tuntun, ilé tó ní balùwẹ̀, tó ní omi gbígbóná. Ó kọ̀ ọ́. Àwọn aládùúgbò ní olórí kunkun ni. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì òun wá sí ilé ìdáná. Gbogbo wọn ní ooru ààrò ló ń wá. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Wilf Hepple náà ti oko èédú bọ̀ wálé, obìnrin kan ṣoṣo ló sì mọ̀.

Fóònù dún.

"Ẹ káàsán, mà. Kirsty ni. Àwọn èèyàn wa ti ń retí yín o! Ó ku ìbéèrè kan péré, ìkẹtàlá. Kò sẹ́lòmíì nínú ilé, àbí?"

Nora fa fọ́ọ̀mù náà mọ́ra. Lọ́tẹ̀ yìí, báírò kò kọ̀. Ó fa ìlà gba àárín ohun tó ti kọ.

"Bàbá mi wà níbí."

"Bàbá yín? Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbébẹ̀, mà."

Nora sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó sọ èkejì kalẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ ni," ó ní.