Ìyẹ̀fun Orí Egbò

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí a sin ìyá mi ni bíríkì já lu ojúgun bàbá mi níbi iṣẹ́. Bíríkìlà ni wọ́n. Wọ́n da omi sí egbò náà, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ wú, tó pọ́n, tó sì gbóná, tí ibà sì mú wọn, dókítà kọ kápúsù sẹfalẹsíìnì, oògùn apakòkòrò, fún wọn: ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, fún ọjọ́ méje.

Ní ọjọ́ kẹta, pípọ́n náà ti ń sún mọ́ orúnkún. Ibà kò lọ. Mo ń gbá abẹ́ ibùsùn wọn ni mo rí èèpo kápúsù mẹ́sàn-án, gbogbo wọn ṣófo. Mo tú aṣọ egbò. Ìyẹ̀fun funfun ti dì mọ́ ọn.

"Bàbá, ẹ ò gbé oògùn yín mì?"

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí," ni wọ́n wí. "Kí ni mo fẹ́ fi oògùn wá nínú ikùn?"

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí kọjá ẹ̀rín. Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ obìnrin apoògùn tó wà ní ìkóríta, mo sì sọ fún un pé orí egbò ni wọ́n ń da inú kápúsù mẹ́sàn-án sí.

Obìnrin náà wo ẹsẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá yìí! Kòkòrò inú egbò yín ní ògiri lára. Bó ṣe ń bí sí i ló ń mọ ògiri mìíràn. Oògùn yìí ni kì í jẹ́ kí ògiri náà dì. Ògiri tí kò dì ńkọ́?"

"Á wó," ni bàbá mi dáhùn.

"Kòkòrò náà á sì bẹ́. Ṣùgbọ́n inú ẹran ara ló sá sí. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn débẹ̀, ẹnu sì lọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń wo ọ̀fun, etí àti ilé ìtọ̀ tí kòkòrò bá wọ̀. Ọ̀fìnkìn ni kò kàn án. Ẹ má lọ bù ú fún aládùúgbò o." Ó fi mẹ́sàn-án rọ́pò èyí tó ṣòfò. "Ẹ gbé e mì tán, bí ara bá tilẹ̀ yá. Bí ibà yìí ò bá rọ̀ títí ọ̀túnla, tàbí tí pípọ́n yìí bá kọjá orúnkún, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹsẹ̀ lè lọ, ẹ̀mí náà lè lọ."

Nílé, mo gbé omi wá. Bàbá mi di kápúsù mú, wọ́n ń wò ó.

"Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ọ̀fun mi kì í fẹ́ gba nǹkan kan."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n sin ẹ̀yin náà ni?"

N kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi. Wọ́n jù ú sẹ́nu, wọ́n mu omi, wọ́n húkọ́, wọ́n tún mu omi.

"Ó ti lọ," ni wọ́n wí. "Ìwọ náà, jókòó. Ó ti rẹ̀ ọ́."

Mo jókòó. Wọ́n ka wákàtí mẹ́fà lórí ìka, wọ́n ní kí n sùn díẹ̀, pé àwọn ló máa jí mi fún èyí tó kàn.